Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Àgbà Gbé Lọ sí Ìpàdé

Ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wà lórí ìdúró, kó wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kó má dá mi dúró láàárín ọ̀rọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Ọ̀rọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fi ìkánjú sọ. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò kánjú rí. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó lọ. A kò mọ iye tó fi lé, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé Iléṣà ni wọ́n bí i sí, Òṣogbo ló wá lọ́kọ sí, àdúgbò wa sì ń pè é ní Ìyá Ìjẹ̀ṣà títí ilẹ̀ fi gbà á. Àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá àgbà.

N kò ní ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó kà á níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ kà á dáadáa: ó ṣòwò, ó bímọ, ó lọ sí Mẹ́kà, ó sùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sọ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà tí èmi mọ̀ a máa bá ìwé ara ògiri jà.

Kò mọ̀wé. Ìwọ̀nba kéú tó fi ń kírun ló gbọ́. Síbẹ̀, kò sí ìwé kan tí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ní àdúgbò wa tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ń ti ọjà bọ̀ tó rí ìwé tuntun, yóò sọ ẹrù kalẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìwé náà bí ẹni tó ń wo ara ọmọ tí ibà ń ṣe, yóò sì dúró de ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé. Ìwé pé kí wọ́n má da ilẹ̀ sí gọ́tà, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí etí odò, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbọ́ látòkè délẹ̀. Ẹni tó kà á tán yóò fẹ́ máa lọ, Ìyá àgbà yóò dì í láṣọ mú.

“Ta ló fọwọ́ sí i?”

“Màmá, kò sí orúkọ níbẹ̀. Wọ́n kàn ní ‘láti ọ̀dọ̀ ìjọba’ ni.”

“Ṣé Ìjọba ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́?”

Ẹ̀rín á pa ọmọ ọlọ́mọ. Òun kò ní rẹ́rìn-ín. Á gbé ẹrù rẹ̀ rù, á ti máa lọ kó tó sọ ọ́ sẹ́yìn pé: “Ìwé tí kò lórúkọ ẹni tó kọ ọ́, atẹ́gùn ló kọ ọ́.”

Ìbéèrè rẹ̀ kejì ni pé ọjọ́ wo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fa ìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, ọmọge ni mí, orí mi wú, wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì dání rárá. Ìyá àgbà mú mi lọ síwájú ìwé kan lára ògiri ọjà. Mo kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò: ìpàdé gbogbo ará ìlú lórí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ báyìí nínú oṣù báyìí. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé láti sọ fún wọn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó kó obìnrin bí ogún sẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n jókòó sí pápá náà títí oòrùn fi kan àtàrí. Ewúrẹ́ méjì nìkan ló wá bá wọn ṣèpàdé. Ìgbà tí olùṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jáde tó béèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè ni àṣírí tú: ìwé ọdún tó kọjá ni. Mo ka ọjọ́, mo ka oṣù, n kò ka ọdún.

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí. Obìnrin kan wà tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ nílé wọn, Ìyá Ọlọ́ṣun la sì ń pè é. Yẹ̀yẹ́ ni òun àti Ìyá àgbà fi ń kí ara wọn. Ó gbé àpótí rẹ̀ rù, ó tọ́ka sí ewúrẹ́, ó ní, “Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ẹ bá mi kí alága ìpàdé o. Ó ti jẹ koríko tán, ó fẹ́ máa lọ.” Gbogbo wọn fi ẹ̀rín dé ilé. Ìyá àgbà kò dá mi lẹ́bi lójú wọn. Ìgbà tó ku àwa méjì nínú ilé ló tó sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Tíṣà mi, ìwé kì í hu ewú. Ìwọ tó o mọ̀wé ni kó o máa bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.”

Bó ti pẹ́ tó ní Òṣogbo, ahọ́n Iléṣà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu. Àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ a máa sín in jẹ. Bí wọ́n bá pè é ní ọmọ Òṣómàáló, a ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á lóṣòó dè wọ́n. Lóòótọ́ ló máa ń lóṣòó. Nígbà kan, wọ́n gbẹ́ títì wa láti ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n fi kòtò sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ aládùúgbò kan jìn sí i, ó fẹsẹ̀ ṣẹ́. Ìyá àgbà lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn láti òwúrọ̀, kò jẹ, kò mu, kò sì dìde àfi ìgbà tó bá fẹ́ kírun. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá dí kòtò náà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi nígbà tó yá. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ títí, òun ní, “Màmá, ẹ máa lọ sílé, a ó wá.” Ìyá àgbà gbójú sókè wò ó, ó ní: “Mo ti wà ní ulé kí n tó máa bọ̀. N kò rí yín níbẹ̀.”

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Igi ìrókò ló fi kan ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé wa, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ọnà ewé sí i látòkè délẹ̀. Mo kéré nígbà tó kú. Iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ sí ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Láti ọdún yẹn, gbogbo ọjọ́ Àráfà, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, ni Ìyá àgbà ń fi àdín kun ilẹ̀kùn yẹn kí ikán má baà jẹ ẹ́. Fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹ̀kùrọ́ tó fi ń ṣe àdín ọ̀hún, dúdú bí aró, òórùn rẹ̀ ń dé ìkóríta. Bùbá ọkọ rẹ̀ kan tó ti gbó ló fi ń kùn ún. Ti òun ti ààwẹ̀ lẹ́nu ni: òkè, ìsàlẹ̀, inú ọnà, abẹ́ kọ́kọ́rọ́, kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé. Àwọn tó ń fa àgbò bọ̀ láti ọjà a máa kí i.

“Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ẹ kú ọdún ilẹ̀kùn o!”

“Ẹ ṣé o. Ó ní kí n kí yín.”

Ilẹ̀kùn yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Alhaji Bùráímọ̀, àbúrò bàbá mi, òun nìkan ló kù fún un lọ́kùnrin. Alhaji ti kọ́lé sí Ọ̀fàtẹ̀dó, ó sì fẹ́ kí ilé ìyá òun náà dùn ún wò. Ọjọ́ kan ló gbé ilẹ̀kùn onírin dé, pẹ̀lú wẹ́dà tó máa jó o mọ́ ògiri.

“Màmá, olè ti pọ̀ nígboro. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lára èyí.”

“Kí ni olè fẹ́ jí? Èmi?”

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn àdín yìí ńkọ́? Àwọn àlejò mi ń fọwọ́ bo imú.”

“Kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.”

Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dúró gbọin. Wẹ́dà wo ọwọ́ ìyá, ó wo ojú ọmọ, ó di ẹrù iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Alhaji kò fi yọjú, oúnjẹ ló kàn ń rán wá. Mo lọ bẹ Ìyá àgbà pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán, ọmọ fẹ́ ṣe ìyá rẹ̀ lóore ni. Ó ní: “Mo mọ̀. Irin dára. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò mọ ọwọ́ ọkọ mi.”

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú títì wa gbòòrò. Inú wa dùn sí i, nítorí títì náà ti ń gbé ọlọ́kadà mì. Ó di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé Iléyá. A ti mọ́sálásí dé, a bá ìwé lára ilẹ̀kùn. Gọ́ọ̀mù wọn kò mú lára àdín, ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n tún fi ọ̀dà pupa fa ìlà ńlá sí ara sàréè bàbá àgbà.

Ìyá àgbà kò wo sàréè. Ìwé ló dojú kọ.

“Tíṣà, kà á.”

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mò ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ti ń kà. Ó ní gbogbo ilé, ṣọ́ọ̀bù, ọgbà àti àwọn nǹkan mìíràn tó bá bọ́ sójú ọ̀nà yóò di wíwó. Ó ní ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó kọ ìwé wá láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún sí ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé náà. Bí ọjọ́ bá pé, ìpàdé yóò wà ní gbọ̀ngàn. Ó ní ẹni tó bá ya ìwé yìí yóò fojú winá òfin.

“Níbo ni wọ́n kọ bàbá yín sí níbẹ̀?”

Mo tún un wò. “Ó jọ pé wọ́n kà wọ́n mọ́ ‘àwọn nǹkan mìíràn’ ni, Ìyá àgbà.”

Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí sàréè.

“Ọkọ mi kì í ṣe nǹkan mìíràn,” ló wí. Ó wá ní, “Bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.”

Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lójú ìwé, ó ti lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lára ilẹ̀kùn wa, ọjọ́ mọ́kànlélógún yóò sì pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ ìpàdé gan-an. Ìwé tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀! Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé kò ní ju ọjọ́ Ajé nìkan lọ, nítorí ọ́fíìsì kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀. Alhaji dé nírọ̀lẹ́, ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú jalábíà funfun rẹ̀. “Màmá, ó ti bọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí a ó gbé bàbá lọ.” Omi wà lójú rẹ̀.

Mo ní kí n fi fóònù ya fọ́tò ìwé náà, ká lè ní ẹ̀rí. Ìyá àgbà tẹ̀ka mọ́ etí ìwé, ó wo ìka rẹ̀, ó ní, “Yà á bó o bá fẹ́. Fọ́tò kò ní abẹ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọjọ́ ìpàdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó wọ aṣọ Iléyá rẹ̀, ó pe Alhaji.

“Bùráímọ̀, yọ ilẹ̀kùn.”

“Ẹ ní kí n ṣe kí ni?”

“Wọ́n ní kí n má ya ìwé. N kò ní ya á. Wọn kò ní kí n má gbé ilẹ̀kùn mi rìn.”

Alhaji tó fẹ́ ju ilẹ̀kùn yẹn nù lọ́jọ́sí, òun náà ló gba ibi tó wúwo mú. Àdín pa iwájú jalábíà rẹ̀ láró. A gbé ilẹ̀kùn sórí ọmọlanke, ìwé ń wo òkè. Ìyá Ọlọ́ṣun sáré jáde.

“Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ẹ ń kó lọ ni?”

“Rárá o. Ilẹ̀kùn ló fẹ́ lọ kí ìjọba. Bá mi ṣọ́ ulé.”

“Ilé tí kò nílẹ̀kùn?”

“Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó o ṣọ́ ọ.”

Olùṣọ́ gbọ̀ngàn dí wa lọ́nà. Ó ní, “Màmá, kí lẹ gbé wá?” Ìyá àgbà ní ẹlẹ́rìí òun ni. Olùṣọ́ ní pákó ni òun ń wò. Ìyá àgbà ní, “Jẹ́ kó wọlé ná. Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.” Èrò ẹ̀yìn wa ti ń pọ̀, olùṣọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó wọ táì, kò sọ̀rọ̀ àfojúdi. Ó ní ìwé ti wà lójú gbogbo ènìyàn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹnì kankan kò kọ̀wé pé òun kò fara mọ́ ọn, nítorí náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìyá àgbà ní ká gbé ilẹ̀kùn síwájú. Ó lóṣòó tì í.

“Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ìwé yín nìyí?”

“Òun ni, Màmá.”

“Ó ti tó ọjọ́ mélòó lára ilẹ̀kùn mi?”

“Ó pé mọ́kànlélógún lónìí, Màmá.”

Ó yíjú sí èrò. “Ẹ̀yin ará mi, Iléyá di ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ kẹsàn-án rèé!” ni gbọ̀ngàn dáhùn.

“Ọjọ́ wo ni mò ń kun ilẹ̀kùn?”

“Ọjọ́ Àráfà!” Ọkùnrin alágbò kan tilẹ̀ dìde lẹ́yìn: “Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àgbò mi sá lọ́jọ́ náà, Ìyá!”

Ìyá àgbà dúró kí ẹ̀rín wọn rọlẹ̀. Ó wá sọ fún ọ̀gá pé, “Ẹ ká etí ìwé yín sókè. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ká a, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo ya á. Ẹ fi ìka pa abẹ́ rẹ̀.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka sí abẹ́ ìwé, láàárín ìṣó méjì. Ìka rẹ̀ jáde, ó dúdú, ó ń dán.

“Kí nìyẹn?”

“Òróró ni, Màmá.”

“Àdín ni. Bí ìwé bá ti wà níbẹ̀ kí n tó kun ilẹ̀kùn, abẹ́ rẹ̀ ì bá gbẹ, ì bá yàtọ̀ bí ìdí òrùka lára ìka. Àbí mo ṣí ìwé ìjọba sókè, mo fi àdín sí abẹ́ rẹ̀, mo tún bá yín kàn án padà?”

Gbọ̀ngàn hó yèè. Alhaji fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn, ó ní, “Ó ti wí tẹnu ẹ̀!” Ọ̀gá náà dúró, ó ń wo ìka rẹ̀, kò sì rí ibi tó máa nù ún sí. Òun àti àwọn tó bá a wá fi orí kò orí. Níkẹyìn ó ní ọjọ́ mọ́kànlélógún yóò bẹ̀rẹ̀ látòní. Ìyá àgbà kò dìde. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi orúkọ tí ìyá yín sọ yín sí i.” Ọ̀gá kọ ọ́.

Ní ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn, mo kọ̀wé títí ọwọ́ mi fi wú, fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀wé tẹ àtàǹpàkò. Sọ̀féyọ̀ padà wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, òfìfo, tí igbó ti bò. Wọ́n sún ìlà wọn lọ síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la gbà. Wọ́n wó pèpéle tó wà létí títì, pẹ̀lú ìjókòó sìmẹ́ńtì tí Ìyá àgbà ti ń gba atẹ́gùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi wó o tán, kò sunkún. Ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan sàréè. Alhaji fẹ́ fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà pupa tó wà lára rẹ̀, Ìyá àgbà gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀. “Fi í sílẹ̀. Kí wọ́n máa rí i pé wọ́n dé ibí, wọ́n sì padà.”

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ó lọ, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ la sin ín sí. Ẹni tó bá tún fẹ́ fa títì dé ọ̀dọ̀ wa, méjì ni yóò bá níbẹ̀.

Ààfáà wá pín ogún. Alhaji gba ilé. Àǹtí Ṣíkírá, ọmọ Ìyá àgbà obìnrin, gba oko kòkó tí ìyá wọn jogún lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìkòkò àdín. Èmi kò sí lára àwọn tí òfin pín fún, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti sọ ohun méjì sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Ó ní kí wọ́n fún Ìyá Ọlọ́ṣun ní àpótí ìjókòó òun, kó lè máa rí nǹkan fi jókòó de ewúrẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣun gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ìyá àgbà tún ní kí ilẹ̀kùn jẹ́ tèmi, níbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Alhaji, tó ni ilé, ló di ìdè rẹ̀ le fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn onírin ọjọ́sí wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó, adìẹ ń sùn lé e.

Àráfà tó kọjá, èmi ni mo kun ilẹ̀kùn. Ihò ìṣó mẹ́rin yẹn ṣì wà lára rẹ̀, mo rí i pé àdín wọ inú wọn.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin méjì tún dé pẹ̀lú ìwé àti korobá gọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni wọ́n ní àwọn bá wá. Ọ̀kan na búrọ́ọ̀ṣì sókè, èkejì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Dúró ná. Ilẹ̀kùn yẹn nìyí.” Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi. Wọ́n ní kí n gbà á lọ́wọ́ àwọn, kí n sì kọ ọjọ́ òní sí i fúnra mi.

Mo wo ojú ìwé. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

“Ta ló fọwọ́ sí i?”

Wọ́n wo ara wọn. “Màmá, ọ̀gá wa kò tíì ráyè fọwọ́ sí i.”

“Ẹ gbé e padà fún un,” ni mo wí.

Wọ́n gbé e padà.